Kì í ṣe ojo ló ń ta Caro-Kann

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta chess, ẹ bá mi dá sí i. Gbogbo ìgbà tí mo bá fi c6 dáhùn e4, ẹnì kan á ní, "Ìwọ yìí, ẹ̀rù ń bà ẹ́ jù. Ta Sicilian jàre!"

2/ Sicilian dùn lóòótọ́. c5 lẹ ó fi bá funfun du àárín pátákó láti ẹ̀gbẹ́, ìjà á sì tètè gbóná. Ẹni tó fẹ́ràn wàhálà, tó sì lè há ọ̀pọ̀ ọ̀nà sórí, tiẹ̀ nìyẹn.

3/ Èmi ń fẹ́ ilẹ̀ tó le kí n tó jà. c6 ló ń ti d5 mi lẹ́yìn. Bishop mi sì lè jáde sí f5 kí n tó gbé e6, kò ní há sẹ́yìn bíi ti French. Ohun tí mo fi ń san án ni pé knight mi ò ráyè dé c6 mọ́.

4/ Ṣé ojo wá ni Botvinnik? Tal, ọ̀gá ìkọlù, gba adé lọ́wọ́ ẹ̀ ní 1960. Ní 1961, bàbá tún gbé Caro-Kann jáde, ó gba adé ẹ̀ padà, 13 sí 8.

5/ Ẹ wo eré mẹ́wàá tẹ́ ẹ ta gbẹ̀yìn. Ṣé ibi tó dàrú lẹ ti ń jẹ, àbí ibi tó parọ́rọ́? Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti mú opening yín.

6/ Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pe sùúrù mi ní ìbẹ̀rù, nídìí chess, níbi iṣẹ́, nínú ilé. Mi ò gbà mọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ fi ń dáhùn e4?