Eruku Orí Ìbọn

Bí ọmọdé bá fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò, tó fi ìdérí ìgò ṣe táyà, tó so okùn mọ́ ọn, tó ń wọ́ ọ kiri àdúgbò, kò sẹ́ni tí í bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tísà, tó ti ní ọmọ-ọmọ, jókòó ti mọ́tò tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kó máa fi búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín bí irun imú ológbò kùn ún láràárọ̀, ìyẹn ni àwọn ará àdúgbò mi ní Ìkàrẹ́ kò rí rí. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, èmi ni àgbàlagbà ọ̀hún. "Tísà, ṣé kò sí nǹkan?" ni wọ́n fi ń kí mi báyìí. Kò sí nǹkan o. Ẹ sáà jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi.

Ọmọ mi tó wà ní London ló fi àpótí kan ránṣẹ́ sí mi. Ike wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé tó ń tọ́ni sọ́nà. Èèyàn yóò gé àwọn ike náà níkọ̀ọ̀kan, yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, títí wọn yóò fi di mọ́tò ogun. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 35 ti ojúlówó. Ohun tó jẹ́ mítà kan lójú ayé kò tó sẹ̀ǹtímítà 3 lórí tábìlì mi. Mọ́tò tó wà nínú àpótí yìí ni Saladin. Ilé iṣẹ́ Alvis ní ìlú Coventry, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń ṣe é nígbà náà. Táyà mẹ́fà ló ní, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n onírin bíi ti tánkì. Ó wúwo ju tọ́ọ̀nù 10 lọ, èèyàn mẹ́ta ní í wọ inú rẹ̀, ẹnu ìbọn rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 76. Àwọn ṣọ́jà ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ wa lò ó nígbà ogun abẹ́lé. Ìdí tí ọmọ mi fi yàn án nìyẹn. Ó mọ̀ pé àbúrò bàbá mi, tó ń gbé ní Ọ̀kà, bá wọn lọ sógun náà.

Ẹ gbọ́ o, lílẹ ike pọ̀ kọ́ ni iṣẹ́. Kíkùn ún ní àwọ̀ ewé pàápàá kọ́ ni iṣẹ́. Ìdọ̀tí ni iṣẹ́. Mọ́tò ogun tó bá ń dán gbinrin, irọ́ ló ń pa. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ní láti mọ ibi tí irin ti ń dógùn-ún, ibi tí bàtà ṣọ́jà ti ń họ pẹ́ńtì, ibi tí epo ti ń jò, àti bí èéfín ṣe ń sọ ẹ̀yìn mọ́tò di dúdú.

Àwọn òyìnbó tó ń ṣeré yìí fẹ́ràn ìgbà òtútù ju gbogbo ìgbà lọ. Wọ́n á kó mọ́tò ogun Jámánì sórí pátákó, wọ́n á fi yìnyín yí i ká. Ìtàn gidi ló wà ńdìí rẹ̀. Ní June 22, 1941 ni Jámánì kọlu ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Àwọ̀ eérú tó ṣókùnkùn ni wọ́n kùn sára mọ́tò wọn. Nígbà tí òtútù dé, tí yìnyín bo ilẹ̀, ọ̀tá ń rí wọn láti òkèèrè bí ẹyẹ ìwò lórí aṣọ funfun. Pẹ́ńtì funfun kò kárí wọn, ni wọ́n bá ń po láìmù àti ṣọ́ọ̀kì mọ́ omi, wọ́n ń fi í pa mọ́tò. Àwọn mìíràn ta aṣọ ibùsùn bò ó. Kó tó dìgbà òjò, láìmù náà ti ń ṣí, àwọ̀ eérú ti ń yọjú lábẹ́ rẹ̀.

Bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe àfarawé rẹ̀ rèé: wọ́n á kun àwọ̀ eérú, á gbẹ. Wọ́n á fín oje tí àwọn obìnrin fi ń mú irun dúró sí i lára, ìyẹn náà á gbẹ. Wọ́n á wá kun pẹ́ńtì funfun olómi lé e. Bí wọ́n bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì tútù họ ọ́ díẹ̀, oje irun á yọ́ lábẹ́, funfun á ṣí kúrò bí ẹni pé ọdún kan ti kọjá lórí rẹ̀.

Nígbà tí mo kà á, ẹ̀rín pa mí. Ta ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní ẹfun ní Àkókó? Ìyá tó bí mi a máa fi ẹfun pa ògiri ilé wa bí ọdún bá ń bọ̀. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí omi òrùlé ń dà sí ló kọ́kọ́ ń ṣí. Ó di ibi tí àwa ọmọdé ń fẹ̀yìn tì. Ó di igun ilé tí ewúrẹ́ ń fi ara họ. Ẹni tó bá mọ ògiri wò, á mọ iye ọmọ tó wà nínú ilé àti bí wọ́n ṣe ga tó. Ohun kan náà ni ti mọ́tò ogun.

Ṣùgbọ́n èmi kò rí yìnyín rí àfi nínú fíìmù. Òtútù tí mo mọ̀ ni ọyẹ́. Mo bi ara mi pé, kí ló kàn mí pẹ̀lú Rọ́ṣíà? Ogun tiwa bẹ̀rẹ̀ nígbà òjò, ní July 6, 1967. Ní August ọdún kan náà, àwọn ọmọ ogun Biafra ti dé Orè, tó wà nínú Ìpínlẹ̀ Ońdó lónìí; ibẹ̀ ni àwọn èèyàn wa ti mú ọ̀rọ̀ náà pé "ó le kú, ìjà Orè". Ìgbà ọyẹ́ ni ogun ọ̀hún sì parí. Ní January 12, 1970, Philip Effiong kéde lórí rédíò pé Biafra kò jà mọ́. Ní January 15, wọ́n parí rẹ̀ ní Dodan Barracks l'Ékòó, níwájú Gowon. Ọjọ́ yẹn náà la fi ń rántí àwọn ṣọ́jà tó kú, lọ́dọọdún. Mo pinnu pé ọyẹ́ January 1970 ni mọ́tò mi yóò dúró sí.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá wo mọ́tò tó ń gun òkè bọ̀ láti Ọ̀kà nígbà ọyẹ́, eruku méjì ló wà lára rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ pupa, eruku ilẹ̀ wa ni. Táyà ló ń ta á sókè, nítorí náà ó máa ń pọ̀ nísàlẹ̀, á sì máa dín kù bó ṣe ń gòkè. Èkejì funfun ràkọ̀ràkọ̀, àlejò ni. Láti ọ̀nà aṣálẹ̀ ló ti ń bọ̀, pàápàá láti Bodélé nílẹ̀ Chad, níbi tí adágún odò ńlá kan ti gbẹ láyé àtijọ́. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e wá, láti òkè ló sì ti ń balẹ̀. Kì í lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́. Orí ohun tó tẹ́jú ló ń jókòó lé.

Mo bu eruku pupa lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀kà, mo fi aṣọ àǹkáfù jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó di dandan, torí pé iyanrìn tó tóbi tó mìlímítà kan ṣoṣo yóò dà bí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò tó kéré báyẹn. Ti funfun, ṣọ́ọ̀kì ni mo lọ̀, mo po èérú díẹ̀ mọ́ ọn. Mo kọ́kọ́ fi pupa kan àwọn táyà.

Kí n tó fi kan òkè, mo gbé e lọ sí Ọ̀kà kí àbúrò bàbá mi lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá ti lé ní ẹni ọdún 75. Third Marine Commando ni wọ́n wà, láyé Benjamin Adekunle, kí Olusegun Obasanjo tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1969. Wọn kò wọ inú Saladin rí; ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gbé e sórí ọwọ́, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ti mọ́ jù," ni wọ́n wí. "Ṣé o rò pé a ń wò ó ni? A ń gùn ún ni."

"Níbo lẹ máa ń dì mú, Bàbá?"

Wọ́n fi èékánná hàn mí. Ibí ni ẹsẹ̀ ń wà. Ibí ni ọwọ́ ń dì mú. Ibí là ń so ìkòkò ọbẹ̀ àti ẹní mọ́. Mo ń fi pẹ́ńsù sàmì sí i. Ìgbà tó yá, wọ́n dákẹ́.

"Ọmọ Ọ̀kà méjì la jọ wà níbí yìí. Èmi nìkan ni mo gun òkè yìí padà. Ìyá èkejì máa ń wá jókòó sójú ọ̀nà bí mọ́tò bá ti ń bọ̀, títí ó fi kú. Wọn kò gbé òkú rẹ̀ wálé fún un." Wọ́n dá mọ́tò náà padà fún mi. "Fi ojú ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Má jẹ́ kí eruku rẹ bò ó."

Mo dé ilé, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nu ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí àwọ̀ irin fi hàn. Ibi tó tó orí abẹ́rẹ́ ni. Ó gbà mí ní ìrọ̀lẹ́ méjì.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ìkàrẹ́ tó ń ta páàtì mọ́tò. Ọmọ Ìgbò ni, ṣùgbọ́n Ìkàrẹ́ ni wọ́n bí i sí, ó sì gbọ́ Yorùbá débi pé ó ń bá mi pòwe. Ó yà sọ́dọ̀ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bá mọ́tò náà lórí tábìlì. Kò fọwọ́ kàn án. Mo ròyìn ọ̀rọ̀ Bàbá fún un, ó fetí sílẹ̀ dáadáa.

"Tísà," ó ní, "ẹ̀yìn rẹ̀ làwọn èèyàn yín mọ̀. Iwájú rẹ̀ làwọn tiwa mọ̀. Ìyá mi ti gbé ẹ̀gbọ́n mi pọ̀n sá wọ igbó nítorí irú nǹkan yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀hún kò jáde nínú igbó náà."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́." Mo ti bá a ṣọ̀rẹ́ fún ohun tó lé ní ogún ọdún, n kò gbọ́ ìyẹn rí lẹ́nu rẹ̀. Lóru ọjọ́ yẹn, ó ṣe mí bíi pé kí n kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí, kí n sọ ọ́ sí àjà. Kí lèèyàn ń fi ohun tó pa ọmọ ọlọ́mọ ṣeré fún? Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e sọ sí àjà, mo ti gbé ojú ọwọ́ ọmọ Ọ̀kà yẹn náà sọ síbẹ̀.

Eruku funfun ló yanjú rẹ̀ fún mi. Ẹ gbọ́ ná: eruku kì í jókòó sórí ìbọn tó ń ró. Bí ìbọn bá ti dún, mímì rẹ̀ á gbọn gbogbo rẹ̀ dànù. Táyà tó ń yí kì í jẹ́ kí ọyẹ́ bà lé òun. Nítorí náà, mo yí ẹnu ìbọn náà wálẹ̀, mo sì fi asẹ́ kékeré ku ọyẹ́ sórí gbogbo rẹ̀ láti òkè: sórí ìbọn, sórí ìdérí ẹnu ọ̀nà, sórí táyà, àti sórí ipa tí táyà fà sílẹ̀. Ojú ọwọ́ nìkan ni mo fi ewé bò, kó má baà kàn án. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ eruku wò yóò mọ̀ pé mọ́tò yìí ti dúró láti ọjọ́ mélòó kan, kò sì sẹ́ni tó yìnbọn rẹ̀ mọ́.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi wá wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹnu ìbọn wà gan-an, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ó dáa," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Ó ti dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá wá kí yín lọ́dún, ẹ bá mi fi aṣọ bò ó."

Mo ti wá aṣọ náà sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní bàbá tàbí ìyá tó rí ogun náà, yálà láti ẹ̀yìn ni o, yálà láti iwájú, ẹ jókòó tì wọ́n lọ́yẹ́ tó ń bọ̀, kí ẹ bi wọ́n léèrè. Ẹ má gbàgbé láti mú pẹ́ńsù dání.