Àyà Jíjá àti Inú Bíbàjẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí ní ọdún kejì mi ní Yunifásítì.

Ìrẹ̀wẹ̀sì mú mi. Oúnjẹ kò wù mí, oorun dá lójú mi, ìwé tí mo fẹ́ràn sì sú mi. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà, mo ní, ‘Inú mi bàjẹ́, sà.’ N kò sọ pé àyà mi ń já pẹ̀lú. Ta ni ó fẹ́ kí a pe òun ní ojo? Bẹ́ẹ̀ ni, bí ọ̀rẹ́ mi bá wò mí lásán, èmi a rò pé ó ń bínú sí mi.

Dókítà bi mí léèrè pé, ‘Ṣé àyà rẹ kì í já?’ Ni mo bá bú sẹ́kún.

Ó wá ṣe àlàyé fún mi. Ohun kékeré kan wà nínú ọpọlọ, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí a ń pè ní amygdala. Èmi akẹ́kọ̀ọ́ èdè mọ orúkọ náà: èso álímọ́ńdì ni ní èdè Gíríìkì, nítorí bí ó ti rí. Ó dàbí ọlọ́dẹ tí ń ké pé ewu ń bọ̀. Bí a bá fi àwòrán ojú ẹni tí ó banújẹ́ tàbí tí ẹ̀rù ń bà han àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú, tí ẹ̀rọ sì ń wo ọpọlọ wọn, ọlọ́dẹ yìí a máa ké jù bí ó ti yẹ lọ lára púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n kì í rí bákan náà lára gbogbo wọn. Ara ohun tí ó fà á ni pé àníyàn a máa bá ìrẹ̀wẹ̀sì ẹlòmíràn rìn, kì í sì í bá ti ẹlòmíràn rìn. Orúkọ àrùn lè jẹ́ ọ̀kan, kí ìṣe rẹ̀ má jẹ́ ọ̀kan.

Ẹ̀rọ náà kò sì lè wo ẹnì kan ṣoṣo kí ó sọ èyí tí ń ṣe é. Ẹnu aláìsàn ni dókítà ti ń gbọ́ ọ.

Èdè wa ti yà wọ́n sọ́tọ̀ tipẹ́: inú ni ó ń bàjẹ́, àyà ni ó ń já. Ọjọ́ tí mo sọ méjèèjì ni ìtọ́jú mi yí padà, tí oorun sì bẹ̀rẹ̀ sí padà sójú mi. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe sọ ọ̀kan kí ẹ fi èkejì pamọ́.