Ọjà Àṣálẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti kọjá díẹ̀. Àpáta Olósùnta ti ń ṣú, àwọn mọ́tò tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ lọ sí Adó sì ti tan iná. Àsìkò yìí ni ọjà àṣálẹ́ ń gbóná ní Ìkẹ́rẹ́. Àgbẹ̀ ń ti oko bọ̀, òṣìṣẹ́ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń wá ohun tí yóò sè. Kálukú fẹ́ rajà wéréwéré kó máa lọ ilé.

Ìyá kan jókòó sórí àpótí, ó to ata sórí àtẹ ní ìdì ìdì. Ọmọdébìnrin kan ń já ewé ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oní-POS wà lódìkejì lábẹ́ agboòrùn. Gbogbo ata tó kù lórí àtẹ yìí kò kún abọ́ ńlá kan, bẹ́ẹ̀ òun ni owó òwò Ìyá. Èyí tí kò bá tà lálẹ́ yìí, yóò ti rọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

"Ẹ kú ọrọ̀ ajé o, Ìyá."

"Àṣẹ, ọmọ mi. Ti èló ni kí n bù?"

Ó bu ti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, ó fi ẹyọ méjì ṣe ènì. Mo bi í bóyá ó rí gbà nínú owó tí ìjọba ní àwọn fẹ́ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

"Èwo nínú wọn?"

Ìbéèrè rẹ̀ tọ́. Lọ́dún 2018, ìjọba àpapọ̀ gbé TraderMoni dé: ẹ̀yáwó ₦10,000 láìgba ohun ìdógò, ẹni tó bá san án tán lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú sọ pé èrò òun ni láti fún 1,300 oníṣòwò ní ₦50,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, nínú ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lára 774 tó wà ní Nàìjíríà. Tí a bá ṣírò rẹ̀, ₦65 mílíọ̀nù ló tọ́ sí Ìkẹ́rẹ́, iye kan náà sí Ìsẹ̀, iye kan náà sí Èmùré. Owó ńlá ni létí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó tirẹ̀ wálé yóò bá owó ilé ìwé àti owó oògùn níbẹ̀. Owó òwò àti bùkátà kì í jọ gbé inú àpò kan kó pẹ́.

Ilẹ̀ ti ṣú wàyí. Tọ́ọ̀ṣì ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí àtẹ. Ìyá so tirẹ̀ mọ́ ọ̀pá agboòrùn. Oníbàárà kan tẹ̀ ba ata, ó ń fojú ṣa èyí tó ti bà jẹ́. Kò rí i dáadáa, ó fi í sílẹ̀, ó kọjá lọ. Òkùnkùn náà ń jẹ nínú èrè.

Àfikún kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ọjà, ibùdókọ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboògbò sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Iná, gọ́tà, òrùlé: wọn kò béèrè NIN, wọn kò béèrè BVN. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ jáde fún owó ìjọba àti ẹni tí tirẹ̀ kò jáde, abẹ́ iná kan náà ni wọn yóò ti tajà. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a lẹ́jọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Àwáwí ti ń tán.

Láàárín ọdún 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀, gbẹ́ òpó fún ààfin Ògògà, ọba ìlú yìí kan náà. Ọ̀kan wà ní Chicago lónìí. Ọba jókòó níwájú, ayaba dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ. Ọlọ́wẹ̀ mọ̀ pé obìnrin ló gbé ilé ró, bí Ìyá aláta yìí.

Aago méje lù. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kó èyí tó kù sínú abọ́. Ẹ̀yin alága kánsù wa, kí ẹ tó tún kọ orúkọ mìíràn sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan iná sí ọjà.