Tòmátì Torino, Òkúta Padova

Ìrìn àjò kékeré kan ni mo fẹ́ ròyìn, àmọ́ inú ṣọ́ọ̀bù ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní àdúgbò wa ní Torino, mo wọ ṣọ́ọ̀bù eléso kan. Tòmátì rẹ̀ wù mí. Bí màmá mi ṣe kọ́ mi ní ọjà Bódìjà ni mo ṣe: mo tẹ ọ̀kan wò, mo gbé e sílẹ̀, mo mú òmíràn. Ni ọkùnrin yẹn bá ké: "Signora, non si tocca!" Mo wo ojú ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó ní, "Màmá, wọ́n ní ẹ jẹ́ kí àwọn bá yín ṣà á." Ojú ọkùnrin náà kò jọ ti ẹni tó fẹ́ ran èèyàn lọ́wọ́! Mo ní, "Sọ fún un pé owó ni mo mú wá, n kò wá jalè."

Ọmọ bá a sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ṣa tòmátì, ó wọ̀n ọ́n, ó tún fi káróòtì kan àti ewé prezzemolo díẹ̀ lé e láìgba kọ́bọ̀. Odori ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ènì tiwa náà mà ni! Mo jáde bí ẹni tó ṣẹ́gun.

Porta Palazzo ló tàn mí jẹ. Ọjà gbangba yẹn, ní Piazza della Repubblica, wà lára èyí tó tóbi jù ní Yúróòpù, ariwo rẹ̀ sì dà bí ti ilé. Ará Morocco ń pọlówó, ará Piemonte ń pọlówó. Tí wọ́n bá ń palẹ̀ mọ́, owó ọjà á já wálẹ̀, èèyàn á sì lè ná an díẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ò rí bẹ́ẹ̀. Iye tí wọ́n kọ sára ọjà ni iye ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dínwó aṣọ tàbí bàtà, kó dúró de saldi, lẹ́yìn ọdún tuntun tàbí nígbà ooru.

Ìgbà tó yá, a lọ kí ẹbí wa ní Padova. Láàárín ọjà ibẹ̀ ni Palazzo della Ragione wà, tí ará ìlú ń pè ní Salone. Ọdún 1218 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ìsọ̀ ẹran àti wàràkàṣì wà nísàlẹ̀ dòní. Òkè ni wọ́n ti ń dájọ́ láyé àtijọ́. Òkúta dúdú kan wà lókè yẹn. Onígbèsè tí kò rí owó san á bọ́ṣọ ku àwọ̀tẹ́lẹ̀, á fìdí sọlẹ̀ lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójú èrò, á máa sọ pé òun ti yọ̀ǹda ohun ìní òun, lẹ́yìn náà á fi ìlú sílẹ̀. Àánú nìyẹn o! Kó tó di òfin 1231, tí Antonio Mímọ́ bá wọn bẹ̀bẹ̀ fún, ẹ̀wọ̀n ni.

Ọmọ mi bi mí pé, "Lójú gbogbo èèyàn?" Ló bá dákẹ́.

A lọ jókòó ní Caffè Pedrocchi, tí wọ́n ṣí ní 1831. Yàrá aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀ tí ẹni tí kò lówó lè jókòó ka ìwé ìròyìn, láìsí ẹni tó máa ní kó ra nǹkan. (Èmi ra kọfí o. Ojú ń tì mí.) Ibẹ̀ lọmọ ti ní, "Màmá, ọkùnrin ọjọ́ yẹn ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ má fọwọ́ kàn án ni. Èmi náà ò sọ ohun tẹ́ ẹ ní kí n sọ. Mo ní ẹ ní ó ṣeun, pé ẹ ò mọ̀ ni." Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Kí wọ́n má baà pariwo mọ́ yín." Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, nílé oògùn, ní pósítọ́fíìsì. Kọfí yẹn ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Nígbà tí a padà dé Torino, mo lọ sọ́dọ̀ eléso wa. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ní, "Buongiorno," mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn, mo fi ojú tọ́ka. Ó mú tòmátì kan, ó fi hàn mí. Mo mi orí. Ó mú òmíràn. Ọmọ mi wà níta, ó ń bá ológbò kan ṣeré. A ò pè é.