Ọ̀dà Dídán Kọ́ Ni Máṣìnnì

Látìgbà tí òfin ìrìnnà Èkó ọdún 2012 ti lé máṣìnnì tí kò tó 200cc kúrò lójú títì márosẹ̀, èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ làwọn òṣìṣẹ́ kan ń fowó àjọ wá. Ọ̀dà dídán ló ń tan ọ̀pọ̀ wọn jẹ.

Ẹni tó gbọ́n yóò kọ́kọ́ rọra fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Tó bá ti gbóná, ó lè jẹ́ pé ọlọ́jà ti sítáàtì ẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n má baà mọ̀ pé kì í tètè jí láàárọ̀. Kó tutù ná! Èéfín búlúù, ọ́ìlì ló ń jó yẹn. Kó gùn ún, kó dán bíréèkì méjèèjì wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Tí ọlọ́jà bá yarí, kó gbówó ẹ̀ lọ sílé. Èèyàn lè tún àjọ dá, ẹsẹ̀ tó bá ti gé kì í hù mọ́.