Ìpín àti Gbòǹgbò: Ẹ̀kọ́ Kan ní Soweto

Olùkọ́ èdè Yorùbá kan kúrò ní Ìbàdàn, ó dé Johannesburg, ó sì gba yàrá kan ní ẹ̀yìnkùlé ilé kan ní Orlando West, ní Soweto, níbi tí kò jìnnà sí òpópónà Vilakazi tí Nelson Mandela àti Desmond Tutu ti gbé rí. Ní ìgbà òtútù kan, ó gbé iṣẹ́ kan ka iwájú tí ẹnikẹ́ni kò rán an: ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ètò Linux láti ìpilẹ̀, nípa títẹ̀lé ìwé tí Gerard Beekmans bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999, èyí tí ń jẹ́ Linux From Scratch. Ogún ọdún ni ó ti ń fi kọ̀ǹpútà kọ Yorùbá, síbẹ̀ kò mọ inú rẹ̀ ju bí èrò ọkọ̀ ti mọ inú ẹ́ńjìnnì lọ.

Dísíkì méjì ni ó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Orí àkọ́kọ́, tí ẹ̀rọ ń pè ní sda, ni Linux tí ó ń lò tẹ́lẹ̀ wà. Ibẹ̀ náà ni ohùn ìyá rẹ̀ tí ó ti dolóògbé wà, níbi tí ó ti ń ki oríkì ìdílé wọn. Èkejì, tí ń jẹ́ sdb, jẹ́ àlòkù tí ó fi owó díẹ̀ rà, 80 GB péré. Èyí ni ó fẹ́ pín, nítorí kò sí ẹni tí ń kọ́lé sórí ilẹ̀ tí kò mọ ààlà rẹ̀.

Ó pe ètò tí ń jẹ́ fdisk. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó ṣì tẹ̀: sda ni ó kọ dípò sdb. Ìkìlọ̀ kan jáde lójú ẹ̀rọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó fojú fò ó. Ó pa ìpín kìíní rẹ́, ó pa ìkejì rẹ́. Ìgbà tí ó wá tẹ p láti wo ohun tí ó kù ni ó rí i pé 500 GB ni dísíkì náà. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Ohun tí ó kó o yọ ni pé fdisk kì í kọ nǹkan kan sórí dísíkì títí olùlò yóò fi tẹ w. Ó tẹ q, ètò náà sì jáde, ohun gbogbo sì wà bí ó ti wà. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí ó tó ṣe ohun mìíràn, ó da ohùn ìyá rẹ̀ kọ sórí fláàṣì, ó sì gbé e fún ìyá onílé pé kí ó bá òun tọ́jú rẹ̀.

Ìyá náà ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Gogo ni olùkọ́ ń pè é, bí àwọn ọmọ Zulu ti ń pe ìyá àgbà.

“Kí ni ń bẹ nínú rẹ̀?”

“Ohùn ìyá mi ni, Gogo. Díẹ̀ ló kù kí n pa á rẹ́ níbi tí mo ti ń pín dísíkì.”

“Pípín!” Ó mi orí. “Ọmọ mi, àwa mọ pípín níhìn-ín.”

Òótọ́ ni ó sọ. Láti ọdún 1955, nígbà tí ìjọba apartheid bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ènìyàn dúdú kúrò ní Sophiatown lọ sí Meadowlands, ẹ̀yà ni wọ́n fi pín àdúgbò fún wọn. Ọmọ iléèwé sì ni Gogo ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdún 1976, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Soweto tú jáde láti tako àṣẹ pé Afrikaans ni kí wọ́n fi máa kọ́ wọn ní ìṣirò àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Ọlọ́pàá yìnbọn. Hector Pieterson, ọmọ ọdún 12, wà lára àwọn tí ó kú. Ọmọ Zulu, ọmọ Sotho, ọmọ Tswana, gbogbo wọn ni ó jọ rìn lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn olùkọ́ nígbà tí ó padà sídìí iṣẹ́. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: ó fún ètò fúnra rẹ̀ ní 40 GB, ó ya 4 GB sọ́tọ̀ fún swap, èyí tí ẹ̀rọ máa ń yá lò nígbà tí ìrántí rẹ̀ bá kún, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún iṣẹ́ ara rẹ̀. Ó fi mkfs pèsè ìpín kìíní àti ìkẹta kí wọ́n lè gba fáìlì, ó sì fi mount so wọ́n mọ́ra. Ó pe Gogo wá wò ó. Nínú Linux, ìpín tí ó wù kí ó pọ̀ tó, abẹ́ gbòǹgbò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń wọlé sí, àmì rẹ̀ sì ni /. Wọ́n pín in kí bíbàjẹ́ ọ̀kan má baà di bíbàjẹ́ gbogbo, kì í ṣe kí ọ̀kan má baà mọ èkejì.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ kíkọ́ dé. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè kà ni àwọn tí ó dá ètò sílẹ̀ kọ. Ẹ̀rọ kò gbọ́ ọ. GCC ni ògbufọ̀ tí ń sọ ọ́ di èdè ẹ̀rọ. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò, ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni: configure ń yẹ̀ ẹ̀rọ wò bóyá ohun èlò pé, make ń ṣe ògbufọ̀, make install sì ń gbé ohun tí ó jáde sí ààyè rẹ̀. GCC pàápàá, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí ó kọ́ ọ, kí ilé tuntun má baà fẹ̀yìn ti ògiri ilé àtijọ́. Nígbà mìíràn iṣẹ́ a dúró lójijì, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀; ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọmọ-ọmọ Gogo ń wò ó. “Baba, kí ló dé tí kì í sọ isiZulu?”

“Yóò sọ ọ́, bí ẹnì kan bá kọ ọ́ sí i.” Ó sọ fún un nípa Translate.org.za, tí Dwayne Bailey dá sílẹ̀ ní ọdún 2001 láti túmọ̀ irú ètò báyìí sí èdè mọ́kànlá tí òfin ọdún 1996 fọwọ́ sí ní South Africa. Ó sì ṣí fáìlì tí wọ́n kó gbogbo ìfèsì ẹ̀rọ jọ sí hàn án: gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì lókè, ààyè òfìfo nísàlẹ̀. Bí kò bá jẹ́ pé orísun ètò wà ní gbangba, kò sí ẹni tí ìbá rí ààyè náà.

Òun fúnra rẹ̀ fi Yorùbá kún ọ̀kan, ó fi msgfmt sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀rọ lè lò, ó sì yan yo_NG ní èdè. Ó wá pe fáìlì oríkì tí kò tíì sí lórí dísíkì tuntun náà. Ẹ̀rọ dáhùn pé: Kò sí fáìlì tàbí àpò fáìlì bẹ́ẹ̀.

“Kí ni ó wí?” ni Gogo bèèrè.

“Ó ní ohun tí mo ń wá kò sí níbẹ̀.”

Gogo ṣí pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó sì na fláàṣì sí i.