Bingo Kò Rí Wa Mọ́

Abọ́ omi la fi mọ̀. Ìgbà mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni Bingo fẹsẹ̀ da abọ́ omi rẹ̀ nù, àwa sì rò pé àfojúdi ni. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀gbọ́n wa fi ìgbálẹ̀ nà án.

Bingo kì í ṣe irú ajá òyìnbó tí wọ́n ń fi mọ́tò gbé kiri Lekki. Ajá ìbílẹ̀ lásán ni, àmọ́ ó ti lé lọ́dún mẹ́fà tó ti ń ṣọ́ géètì wa ní Thomas Estate, Ajah níbí. Nígbà tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ pọ́n, a ní eruku ni. Eégbọn ti kún etí rẹ̀ nígbà yẹn. À ń já wọn dànù lọ́kọ̀ọ̀kan, a ní tówó bá wọlé a ó ra oògùn. Owó wọlé. A fi ra epo jẹnẹrétọ̀.

Dókítà ẹranko ò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Wọ́n já òwú díẹ̀, wọ́n jù ú sílẹ̀ níwájú Bingo. Òwú kì í dún tó bá bọ́. Ajá tó bá ríran á fojú tẹ̀ lé e. Bingo kàn ń wo ògiri. Wọ́n ju òmíràn. Ògiri náà ló ṣì ń wò. Ìyẹn dùn wá ju ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: kòkòrò Ehrlichia, tí eégbọn máa ń gbé sínú ẹ̀jẹ̀ ajá. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn sínú ojú, kí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹyinjú sì ṣí kúrò láyè rẹ̀. Doxycycline pa kòkòrò náà. Ojú ni kò padà.

"Tẹ́ ẹ bá ti tètè mú un wá ni..." Wọn ò parí ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn aládùúgbò ní ká jẹ́ kó lọ sinmi. Kí la fẹ́ fi ajá tí ò ríran ṣọ́? Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Tiwa ń gbọ́ o! Ó ń gbọ́ kẹ̀kẹ́ kó tó yà sí àdúgbò wa.

Àwa gan-an la ní ẹ̀kọ́ láti kọ́. A ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láì kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀. Àbúrò wa gbàgbé nígbà tó ń sùn, Bingo sì bù ú jẹ lọ́wọ́. A fi pákó dí ẹnu gọ́tà. Tá a bá dé ìdí àtẹ̀gùn, a ó ní "gòkè", á sì gbé ẹsẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ló ń dà á láàmú jù. Tí NEPA bá mú iná lọ, tí gbogbo ilé tan tiwọn lẹ́ẹ̀kan náà, etí tó kù fún un náà á di. Á jókòó síbi tó bá wà, á máa gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n wa, ẹni ìgbálẹ̀ yẹn, ló máa ń lọ jókòó tì í títí iná á fi dé.

Àga kan wà ní pálọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Bingo máa ń fi imú kàn án, lẹ́yìn náà á yà sósì lọ sí kíṣìnnì. Nígbà tí Mọ́mì wá kí wa, wọ́n gbé e síta kí wọ́n lè gbálẹ̀. Bingo dúró sáàárín pálọ̀, ó ń na imú kiri, kò lè lọ síwájú, kò lè padà.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e padà."

Àlejò tó bá wọlé á bi wá ìgbà tá a máa da àga yẹn nù.